Ọwọ́ Tí Kò Lè Kan Aṣọ: Bí Oníṣòwò Kékeré Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ sí Í Tajà Lórí Ayélujára

Bí ẹ bá dúró ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, fún wákàtí kan péré, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ni oníbàárà kọ́kọ́ fi ń ra àdìrẹ kí ó tó fi owó rà á. Obìnrin kan á fa aṣọ yọ láàárín òkìtì, á fi ìka méjì pa á wò bóyá òwú gidi ni. Á nà án sókè sí oòrùn kó lè mọ̀ bóyá ó fẹ́lẹ́ jù. Òmíràn á ki ìka bọ omi, á fi pa igun aṣọ, á wá wo ìka náà bóyá aró ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti sọ tirẹ̀ tán ni ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń bèèrè pé, "Ẹ kú ọjà o, èló ni yáàdì márùn-ún?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ta àdìrẹ níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé girama. Nígbà tí wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ọjà àwọn sórí ayélujára, mo rò pé iṣẹ́ fóònù lásán ni: ká ya fọ́tò, ká gbé e síta, ká máa retí owó. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó yé wa pé iṣẹ́ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wo aṣọ nínú fóònù kò ní ọwọ́ tó lè fi kan án. Gbogbo ohun tí ẹ bá ń ṣe lórí ayélujára, láti orí fọ́tò títí dé orí bí ẹ ṣe ń dáhùn ìbéèrè, ohun tó máa dúró nípò ọwọ́ yẹn lẹ ń wá. Ẹni tó ń ta ọṣẹ dúdú, ẹni tó ń ṣe bàtà, ẹni tó ń din ṣinṣín, aránṣọ, onídìrí, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wọn.

Ìsọ̀ mélòó lẹ lè jókòó tì?

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ ni pé a ṣí ìsọ̀ mẹ́rin lọ́jọ́ kan. A forúkọ sílẹ̀ lórí Facebook, Instagram, TikTok àti Twitter tó ti di X báyìí. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, eruku ti bo mẹ́ta nínú wọn. Ẹni tí kò ní ju ọmọ iṣẹ́ kan lọ kò lè pàtẹ sí Ìtòkú, Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá láàárọ̀ kan náà. Ìsọ̀ tí kò ní ẹnì kan nínú sì burú ju kí èèyàn má ní ìsọ̀ rárá lọ, torí ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn tí kò gbọ́ ohùn á gbà pé olówò ti kógbá sílé.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, ibo ni wọ́n wà? Ìwé àwìn ẹ̀gbọ́n mi ló dá wa lóhùn. Orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó ti gbé aṣọ láwìn rí ló wà níbẹ̀. Ìyálé ilé, olùkọ́ àti àwọn tó ń kó aṣọ ẹbí jọ ni púpọ̀ nínú wọn, orí WhatsApp sì ni gbogbo wọn ń gbé. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀wá.

Ní ṣókí, báyìí ni mo ṣe rí àwọn ọjà orí ayélujára náà. WhatsApp wà fún àwọn tó ti mọ̀ yín. Facebook dára fún ẹgbẹ́ oríṣiríṣi: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń tọ́mọ. Instagram wà fún ohun tó ń wu ojú, bí aṣọ, oúnjẹ àti irun. TikTok máa ń gbé fídíò yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ yín rí, kódà bí ẹ kò bá ní olùtẹ̀lé kankan. Ẹ mú ọ̀kan fún àwọn tó mọ̀ yín, ẹ mú ọ̀kan fún àwọn àjòjì, ó tó. Ẹ̀gbọ́n mi mú WhatsApp àti TikTok. Ẹlòmíràn lè mú Facebook àti Instagram.

Ṣíṣí ìsọ̀

WhatsApp Business la fi ṣí tiwa. Láti ọdún 2018 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ra síìmù mìíràn fún un, torí nọ́ńbà kan ò lè wà lórí WhatsApp ti ilé àti ti òwò lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ bá sì lo nọ́ńbà ilé, ìkíni àbúrò àti ìbéèrè oníbàárà á wọ́ pọ̀ títí ẹ ó fi gbàgbé èyí tó mú owó wá. Orúkọ tó wà lára pátákó ìsọ̀ yín ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ ń tà mọ́ ọn. Ẹ kọ àdírẹ́sì, ẹ kọ wákàtí tí ẹ ń ṣí ìsọ̀ àti èyí tí ẹ ń tì í. Ààyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Catalog. Bí àtẹ ló rí: fọ́tò ọjà kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ àti iye rẹ̀, tí oníbàárà lè yẹ̀ wò láàárín òru láìjí yín. Ẹ tún lè kọ ọ̀rọ̀ ìkíni tó máa dáhùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ kọ̀wé, kí ó má bàa dà bíi pé ẹ dákẹ́ sí i.

Bí ẹ bá ní ìsọ̀ tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn wá, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò bóyá lóòótọ́ lẹ wà níbi tí ẹ sọ. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ tó tẹ "àdìrẹ, Abẹ́òkúta" sínú fóònù á rí yín lórí máàpù, kò sì ní í máa bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó ń bá yín du oníbàárà.

Fọ́tò tó ń sọ òótọ́

Iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ láti ibi fọ́tò. Abẹ́ tàpólì búlúù tó wà níwájú ìsọ̀ la ti ń yà á tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Búlúù tàpólì wá da àwọ̀ tirẹ̀ sára gbogbo aṣọ. Oníbàárà kan n'Íbàdàn ra àdìrẹ aláwọ̀ ewé, nígbà tí aṣọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kọ̀wé sí wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ tí mo rí kọ́ lèyí." Òótọ́ ló sọ. A gba aṣọ padà, a sì san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti gbé iṣẹ́ fọ́tò lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé, láago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tutù tí òjìji kò sì le. A ta aṣọ ìbùsùn funfun sára ògiri. A kì í tan iná fóònù. Fọ́tò mẹ́rin la ń ya fún aṣọ kan. Àkọ́kọ́, gbogbo yáàdì márààrún lórí okùn, kí wọ́n lè mọ bí ọnà rẹ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ìkejì, ìtòsí gan-an, débi tí ojú á fi rí okùn òwú. Ìkẹta, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó di aṣọ mú, kí èèyàn lè mọ̀ bóyá ó nípọn tàbí ó rọ̀. Ìkẹrin, aṣọ náà lára ẹni tó ti rán an. Ẹ wo ohun tí fọ́tò mẹ́rin yìí ń ṣe: oòrùn tí obìnrin Ìtòkú na aṣọ sí wà níbẹ̀, ìka méjì tó fi pa á wà níbẹ̀.

Ó ku ìka tó kì bọ omi. Fídíò la fi ṣe ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi bu omi sínú báàfù funfun, wọ́n ri aṣọ aró tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n fún un. Omi náà yí padà sí búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ní ká pa fídíò náà rẹ́, pé á lé oníbàárà. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀. Ṣé wọn ò ní í fọ aṣọ ni?" Wọ́n wá sọ sínú rẹ̀ pé: "Aṣọ aró gidi nìyí. Ó máa ń ṣí díẹ̀ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, ẹ má pò ó mọ́ aṣọ funfun." Kò tíì sí fídíò tó mú ìbéèrè wá tó ìyẹn. Ẹni tó sọ àbùkù ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó bá wá yìn ín, a ó gbà á gbọ́.

Fídíò kejì tó rìn jìnnà ni ti ilé aláró. Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò ẹ̀lú, kì í jáde ní búlúù o. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ sí i ni búlúù ń jáde, lójú yín báyìí, títí gbogbo rẹ̀ á fi dúdú. Àwa tí a dàgbà níbẹ̀ kò ka èyí sí nǹkan kan, àmọ́ ẹni tí kò rí i rí á dúró wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ṣe iṣẹ́ mìíràn: aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí lára ní òkèèrè ti pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì kéré sí tiwa. Ẹni tó bá ti rí obìnrin tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ sára aṣọ, tó sì rí aṣọ náà nínú ìkòkò, kò tún ní í bi yín ìdí tí tiyín fi wọ́n jù. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe, ẹ ya ọwọ́ tó ń ṣe é.

Ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà orí ayélujára ni í kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ọjà wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Mo mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Lọ́jà wa, ojú la fi ń dúnàádúrà, a kì í lẹ iye mọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú fóònù kò sí níwájú yín, ẹ ò lè fi ẹ̀rín dá a dúró. Bí kò bá rí iye, á fọwọ́ gbé yín kọjá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2018, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà rí iye rẹ̀.

Báyìí la ṣe ń kọ tiwa: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aró gidi, òwú, yáàdì márùn-ún. ₦13,000. Ìtòkú la wà. A ń fi ránṣẹ́ síbi gbogbo, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀." Gbólóhùn kúkúrú, kò sí ìyìn nínú rẹ̀. Fọ́tò ló ń yin aṣọ.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àmọ́ àgúnmu pàápàá ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ó. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ohun tí ẹ gbé sórí Status WhatsApp máa ń lò kó tó parẹ́, torí náà àtẹ òòjọ́ ni. Ogójì fọ́tò láàárọ̀ kan á sọ yín di ẹni tí wọ́n ń fò kọjá. Mẹ́ta sí márùn-ún tó: aṣọ tuntun, ẹ̀kọ́ kékeré kan nípa aṣọ, oníbàárà kan tó ti rán tirẹ̀. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà náà kí ẹ tó lo fọ́tò rẹ̀ o. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀ kì í rí Status yín, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ fi Broadcast rán kò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ta ọjà tán, ẹ rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú nọ́ńbà yìí, kí ẹ lè máa rí ọjà tuntun."

Bí wọ́n bá kọ̀wé

"Ẹ káalẹ́. Ṣé aṣọ yìí ṣì wà?"

"Ẹ káalẹ́ o. Ó ṣì wà, ó ku méjì. Ṣé ká bá yín ya fídíò rẹ̀ báyìí, kí ẹ lè rí i dáadáa?"

Ìbéèrè kejì yẹn ló ṣe pàtàkì. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán á pa ọ̀rọ̀ tì síbẹ̀, tí ẹni náà á máa ronú ohun tó tún kàn láti bèèrè. Ẹ tún kíyè sí "ẹ" tí ẹ̀gbọ́n mi fi dáhùn. Nínú ìsọ̀, wọ́n lè wo ojú kí wọ́n mọ ẹni tí àwọn lè sọ "o" fún. Nínú fóònù, ẹni tó fi fọ́tò òdòdó sójú nọ́ńbà rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó sì lè jẹ́ ìyá ìyàwó. "Ẹ" kì í ba òwò jẹ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun wà lára àwọn tó ń kó aṣọ ẹbí jù. Aago Lọ́ńdọ̀nù kò jìnnà sí tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n nígbà ẹ̀rùn wọn. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà tàbí méje ni Houston fi wà lẹ́yìn wa, nítorí náà ìgbà tí ẹni tó wà níbẹ̀ bá tibi iṣẹ́ dé ni àwa ń sùn. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ń dáhùn síbi tí wọ́n á ti rí i, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Oníbàárà lè fara da ìdúró bó bá mọ ìgbà tó máa dópin.

Ní ti owó, alẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ẹnì kan fi fọ́tò alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí wa lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, èrò pọ̀ nínú ìsọ̀, ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé ẹrù sì ti dúró. A kó aṣọ méjì fún un. Di òní olónìí, owó náà kò wọlé. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi kì í wo alẹ́ẹ̀tì mọ́, inú akáǹtì ni wọ́n ń wò. Owó tó kù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lé kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀. Àwa náà sì ní ohun tí a fi ń mú kí ọkàn oníbàárà balẹ̀: a máa ń ya fọ́tò ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí a kọ sára rẹ̀, ní gáréèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, a ó sì fi nọ́ńbà dírẹ́bà ránṣẹ́ sí i.

Ìgbà wo ni kí ẹ sanwó ìpolówó?

Ẹ má yára. Ìpolówó tí ẹ sanwó fún lórí Facebook tàbí Instagram kàn ń kó èrò wá sẹ́nu ọ̀nà ni. Bí inú ìsọ̀ bá dọ̀tí, èrò púpọ̀ ni yóò rí ìdọ̀tí náà. Ẹ kọ́kọ́ ta ọjà fún àjòjì bíi mẹ́wàá láìsanwó, kí ẹ mọ ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè àti fọ́tò tó ń dá wọn dúró. Fọ́tò tó ti ta ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ fi owó sí nídìí.

Kí ẹ sì ṣírò. Ká ní ₦9,000 ni àdìrẹ kan ná yín, ₦13,000 lẹ tà á, èrè jẹ́ ₦4,000. Ẹ wá fi ₦1,000 ṣe ìpolówó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ₦5,000 nìyẹn. Bí ẹnì kan péré bá rà á, ẹ ti pàdánù ₦1,000, bó ti wù kí ẹni tó fọwọ́ sí i pé òun fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀ tó. Bí èèyàn méjì bá rà á, ₦3,000 ló kù. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ₦7,000 ni. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò fẹ́ràn ìṣirò nígbà kan, ló wá ń bi mí lálaalẹ́ pé, "Mélòó ló rà?" Wọn kì í bèèrè mélòó ló wò. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùtẹ̀lé fún yín, ẹ sá fún un. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó máa ra aṣọ.

Ìwé àwìn kò gbọdọ̀ sọnù

Ilẹ̀ onílẹ̀ ni gbogbo ọjà tí mo dárúkọ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021 kan náà, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ kárí ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà nínú àpò ẹlòmíràn kò rí ẹni pè lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ní ìwé wọn. Kì í ṣe ìwé àwìn nìkan mọ́: orúkọ, nọ́ńbà, ìlú, ohun tí ẹni náà rà, ọjọ́ tó rà á, àwọ̀ tó fẹ́ràn. Inú àpótí owó ni wọ́n ń tì í mọ́, wọn kì í fi han ẹnikẹ́ni, torí nọ́ńbà èèyàn kì í ṣe ọjà. Ẹ̀yìn ìwé náà ni wọ́n ń kọ nǹkan mìíràn sí: gbogbo ìbéèrè tí oníbàárà bá bèèrè tí fọ́tò wa kò dáhùn. "Ṣé ó ṣeé rán fún ọkùnrin?" "Báwo ni ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí?" "Ṣé ẹ lè lọ̀ ọ́ ká rí i?"

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú ọjà kan ṣoṣo, èyí tí ẹ mọ̀ dunjú jù. Ẹ yà á lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ẹ kọ iye rẹ̀ sí i, ẹ fi han àwọn tó ti mọ̀ yín, kí ẹ sì fi ìwé àti gègé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bá wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ni fọ́tò tí ẹ máa yà lọ́la.